Ohun tí Ọwọ́-Idán Gbàgbé Lórí Sáfà Ilé Ìwòsàn

Kò sí ohun tó jọ wàhálà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn jókòó sínú yàrá tútù tí ẹ̀rọ ti ń hó, wọ́n ń to sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn mọ́. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì wà ní wọ́ọ̀dù òkè. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ fọ egbò tí ìtọ̀ ṣúgà fà sí i lẹ́sẹ̀.

Ọwọ́-Idán ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n, òun sì ni olórí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tó bá kù lẹ́yìn tí sọ́fítíwíà bá ti wọ sáfà, orí ló fi ń rántí ẹ̀, ọwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásíwọ́ọ̀dù kan tí tajátẹran mọ̀ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Ìgbẹ̀yìn ló ń pààrọ̀ ẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lo àṣẹ tí mo kọ fún ẹ̀rọ," àbúrò ẹ̀ obìnrin sọ. "Ẹ̀ẹ̀kan la máa tẹ̀ ẹ́. Á pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, á ti ilẹ̀kùn íńtánẹ́ẹ̀tì tá ò lò, á máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ síbòmíì lójoojúmọ́. Kò ní fo ìkankan."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà ni?"

Ibi tó ti ń fọ́nnu ni ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ti pè é pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun ò ṣiṣẹ́. Ó dìde fùú. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti rò pé òun parí, ló bá kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sínú sáfà, ó sì so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, kò ṣe ẹ̀dà kankan. Idán wo ló wà nínú ìyẹn, ẹ gbà mí o!

Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn olè ti fi pásíwọ́ọ̀dù yẹn gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n ti ti gbogbo àkọsílẹ̀ pa.

"A ò rí èsì ẹ̀jẹ̀ màmá yín, a ò rí àwòrán ẹsẹ̀ wọn," dókítà sọ. "Mi ò lè máa táràrà nínú ara èèyàn. A máa tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe."

Ọwọ́-Idán sáré lọ síwájú sáfà. "Jẹ́ n tún un tò kíá!"

Àbúrò ẹ̀ dínà. 

"Rárá o! Ẹ bínú, ẹ bú mi, ẹ ò ní fọwọ́ tò ó mọ́. Kì í ṣe pé ẹ ò mọṣẹ́. Èèyàn ni yín, èèyàn sì ń gbàgbé. Ẹ jókòó, ká jọ ka àṣẹ yìí, ká dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn ná. Tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, gbogbo sáfà ló máa ràn."

Ẹ̀gbọ́n ranjú mọ́ ọn. Àbúrò ò gbójú sílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n fa àga.

Àṣẹ náà ṣiṣẹ́ láìfo nǹkan kan, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ti lọ ti lọ. Kí èsì tuntun tó jáde, egbò ti jẹ wọ eegun. Ẹsẹ̀ tí wọn ì bá fọ̀, wọ́n gé e.

Ọwọ́-Idán fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fáwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbapò olórí lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀, ó ń sunkún.

"Dákẹ́," ìyá sọ. "Sáfà mìíràn tí o fọwọ́ tò bẹ́ẹ̀, ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù, Màmá."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ìwọ náà tó ò ń to sáfà ńkọ́? Kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, dán an wò, kí o jẹ́ kó máa ṣe é bó ṣe yẹ. Má fi ara ìyá oníyàá dán ìrántí rẹ wò.