Ẹyẹ Orí Ilé Búrẹ́dì

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbúrẹ́dì kú, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Iwájú ààrò ló dùbúlẹ̀ sí bí ẹni tó kàn fẹ́ sinmi díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún ìyẹ̀fun. Alẹ́ àná ló ti ìrìn àjò dé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ààrò náà ti tutù nítorí pé ìyẹ̀fun wọ́n. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó òun lọ sùn, pé búrẹ́dì gbígbóná lòun máa fi jí i. Igbe ìyá ọkọ rẹ̀ ló jí i.

Ọkùnrin tí orí kì í fọ́! Kí ló pa á? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dákẹ́. Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, tí àdúgbò ń pè ní Rédíò nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò ṣeé pa, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹyẹ dúdú tó ń ké lórí òrùlé yín yẹn, ìgbà wo ló dé? Ṣebí ìgbà tí ọkọ ti lọ ni. Ta ló sì kù sílé?" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ nǹkan kan tí kò sọ náà.

Ìyá àgbà, ìyá oníbúrẹ́dì, gbà á gbọ́ kíá. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ?" Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo di ti ìyàwó. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà wú, ìyàwó ni. Mọ́tò àbúrò ọkọ bàjẹ́ lọ́nà, ìyàwó ni. Kí okùn bàtà ẹnìkan sáà já, ẹyẹ ló já a. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ òkò sí ẹyẹ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá gun òrùlé yẹn kò ní sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Wọ́n pe ìyàwó jókòó sí pálọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, "ẹ̀yin" ni àbúrò ọkọ tó ń wakọ̀ yìí ń pè é. Ọjọ́ náà kọ́.

"Tó bá di ọjọ́ Àìkú, kó ẹrù ẹ. Ọmọ ń dúró lọ́dọ̀ wa."

"Bọ̀dá, ọmọ mi kọ́?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Àbí kí n tún fi èyí tó kù fún ẹ jẹ?" ni ìyá àgbà fi kún un.

Ọmọbìnrin ìyàwó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ohun tó dun ìyàwó jù nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sunkún lọ bá ìyàwó pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Kí Olúwa ṣàánú mi ni, Màámi."

"Àánú ti wà. Kí lo fẹ́? Dárúkọ rẹ̀ fún Olúwa, kí o wá dìde ṣe èyí tí ọwọ́ ẹ bá tó nínú ẹ̀."

Ó ronú. "Mo fẹ́ tọ́ ọmọ mi nínú ilé yẹn, láti inú ààrò yẹn. Mi ò lọ."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ bá a sọ ọ́."

Láti ọjọ́ kejì, tó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń mú lójúmọ́. Ó ha ìpẹtà ara agolo búrẹ́dì kúrò. Ó jọ ìyẹ̀fun, ó ṣa kòkòrò inú rẹ̀. Ó la igi. Wọ́n da omi sí i. Ó tún òmíràn là. Rédíò wò ó láti ojú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Àjẹ́ ò tiẹ̀ mọ ìtìjú." Nígbà tí wọ́n sì rí i pé ìyàwó àti àwọn opó méjì ń lọ bá ìyàwó pásítọ̀ gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ àjẹ́ ti pé nìyẹn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò bà á. Nígbà mìíràn tí ẹyẹ náà bá ké, á bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé èèyàn lè jẹ́ àjẹ́ kó má mọ̀?" Lẹ́yìn náà á dìde, á mú iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ku ọ̀la kí ó di ọjọ́ Àìkú, àbúrò ọkọ ní àjẹ́ kankan kò ní dáná ààrò ẹ̀gbọ́n òun, òun fúnra òun ló máa dá a. Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ ti gbogbo fèrèsé nítorí ẹyẹ, bó ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí oníbúrẹ́dì dé, ó ní kí ọmọ òun fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyàwó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó rí pupa iná lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó gbójú sókè wo ihò èéfín. Èéfín kankan kò jáde. Ẹyẹ náà nìkan ló ń fò yí i ká, tó ń ké kíkankíkan.

Iná ń jó, èéfín dà?

"Bọ̀dá!" Ó gbá ìlẹ̀kùn. "Bọ̀dá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Kò sí ìdáhùn. Ó gbé igi tó là, ó fi fọ́ fèrèsé, ó bá ibẹ̀ wọlé. Àbúrò ọkọ nà gbalaja síwájú ààrò gan-an níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí. Ó wọ́ ọ dé ìta, òun náà ń wúkọ́ bí ẹni pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya.

"Ó ti pa ìkejì o!" ni Rédíò ké. Èrò dé. Ẹnìkan gbá ìyàwó létí. Ìyá àgbà wó lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà mí. Ó wúkọ́, ó bì, ó la ojú tó pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Ìyàwó kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbé àkàbà ti ògiri.

"Níbo lò ń lọ?"

"Òkè."

"Ó ń lọ bá ẹyẹ ẹ̀! Ó ti jẹ́wọ́!"

Ìyàwó di àkàbà mú. Ó ní, "Jésù, mo ti bá ọ sọ̀rọ̀, ó ku kí n gòkè," ó sì ń gùn ún. Ẹyẹ náà fi ìyẹ́ gbá a lójú. Ó ki ọwọ́ bọ ihò èéfín dé èjìká, ó fà. Ìtẹ́ ńlá jáde: igi wẹ́ẹ́rẹ́, ẹrẹ̀, àti àkísà aṣọ aláràbarà. Bó ti jù ú sílẹ̀ báyìí, èéfín dúdú tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ gùùù, ó gba ojú ọ̀run lọ.

Gbogbo èèyàn wo àkísà náà. Ègé aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù Rédíò ni gbogbo rẹ̀. Rédíò wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹyẹ ló pa ọmọ mi?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Èéfín ni, Màmá. Kò rọ́nà gbòkè. Oníbúrẹ́dì kì í sì í sá fún èéfín. Inú yàrá ló kún sí, torí pé..."

Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló dúró tí wọ́n ń gbọ́, etí tí wọ́n gbá sì ń ta á. Ó gbé e mì.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti yíjú sí fèrèsé. Ó wò ó títí.

"Èmi ni mo tì í," ló wí. "Lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àjẹ́ tí mo ń wá kiri, èmi gan-an ni."

Kí á má purọ́, ó wu ìyàwó kó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù ú gan-an. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó kúnlẹ̀ ti ìyá àgbà nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ fẹ́ dáàbò bo ọmọ yín ni, Màmá."

Ìyá àgbà di aṣọ ìyàwó mú. "Ìyàwó mi, ṣé o máa lọ lọ́la?"

"Mo ti sọ fún Olúwa pé mi ò lọ," ló dáhùn. "Ẹ̀yin nìkan ni mi ò tíì rí bá sọ."

Ó fà á dìde, àwọn méjèèjì sì wọlé lọ ṣí àwọn fèrèsé yòókù.