Ẹni Tí Ó Jẹ Ọkàn Táyé

Ta ni ó jẹ ọkàn Táyé? Ìbéèrè yìí ni ó dé bá ilé Lùkúmọ̀n ní Okokomaiko, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ kú kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.

Dókítà ni ó dá a sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ní ọkàn ọmọ náà ni ó wú, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Wọn kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé sá lọ sílé. Àdìjá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, kò wá ẹ̀rí mìíràn: kí ni àjẹ́ ń jẹ bí kò ṣe ọkàn? Ìyá Lùkúmọ̀n ni ó sì ń wẹ àwọn ọmọ. Ìfẹ́ Àdìjá sí wọn kò ṣe é jiyàn; nígbà tí ikun dí imú wọn, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi fà á.

Ní àṣálẹ́, ẹyẹ kan bà sórí páànù, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Rodiyat, ìyàwó Lùkúmọ̀n, gbá Kẹ́hìndé mọ́ àyà. Èémí ọmọ náà ń sáré. Òógùn bò ó bí ó ti ń du ọmú.

"Ìyàwó mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ti Táyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí."

Àdìjá dí ọ̀nà. "Ẹ ò wọlé o! Báwo lẹ ṣe mọ̀? Àbí ẹyẹ yín ti jíṣẹ́?"

"Àdìjá, olè wo ló ń júwe ilé ọlọ́pàá?"

Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń ba Lùkúmọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ètè ọmọ ti ń dúdú. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọsibítù ní Òjó. Ìyá Lùkúmọ̀n fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Dókítà fi afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú, ó yíjú sí wọn.

"Kòkòrò àrùn kan wà tí ojú lásán kò rí. Tó bá mú àgbàlagbà, ibà díẹ̀ ni, bóyá egbò ẹnu. Tó bá mú ọmọ tuntun, ó lè wọnú ọkàn. Ẹ má fi pa mọ́, kí n lè mọ ohun tí mò ń bá jà: ta ni ara ẹ̀ ò yá nílé lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn?"

Gbogbo ojú yí sí ìyá Lùkúmọ̀n. Òun ni ó se àgbo fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nílé, ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń wò, kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Àyà Kẹ́hìndé ń lọ sókè sódò. Àdìjá kúnlẹ̀, kì í ṣe síwájú dókítà, síwájú ìyá Lùkúmọ̀n ni.

"Èmi ni, Màámi. Ẹnu tó légbò yìí ni mo fi fa imú àwọn méjèèjì."