Ìbéèrè Tí Ganiyat Gbé Lọ sí Iworo

Ewúrẹ́ ni Ganiyat kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó gbé e sọ́rùn. Omi ọ̀sà ti fà, ọkọ̀ tó ti Gberefu bọ̀ kò lè dé etí odò, ni ọlọ́kọ̀ bá bọ́ sómi, ó ń bá ewúrẹ́ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ń bínú.

"Jọ̀ọ́, má tọ̀ sí mi lára. Ẹ̀wù tuntun rèé."

Ewúrẹ́ tọ̀. Ganiyat bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Òun ló rán Ishaq, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ wo àgbọn ìdána ní Gberefu lọ́dún tó kọjá, tí ọkọ̀ fi dojú dé, tó sì bómi lọ. Láti ìgbà náà ni ohùn kan ti ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Ìwọ lo pa á. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ, ikú ló sún mọ́." Oúnjẹ kò wù ú, oorun kò kùn ún. Owó epo rọ̀bì ń wọ ìlú nígbà náà, rédíò àti fáànù kún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Alhaji Mùkáílà, ṣùgbọ́n ó kàn ń jókòó síbẹ̀ ni, kò mọ ẹni tó wọlé. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ni.

Zinsu, ọlọ́kọ̀ náà, kò jẹ́ kó sinmi. Ojoojúmọ́ ló ń wá ra bátìrì.

"Bátìrì lẹ tún fẹ́?"

"Rédíò mi ń jẹun jù mí lọ."

Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí Zinsu ní òun fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Alhaji, Ganiyat ti owó bátìrì rẹ̀ padà sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí alángbá á sá.

"Má wá síbí mọ́. O fẹ́ kú ni?"

"Ta ló fẹ́ pa mí, olólùfẹ́?"

"Èmi."

Zinsu kò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì Deborah ní Ibereko, ẹni tó kọ́ ìtọ́jú ìdààmú ọkàn.

"Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ," ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́yìn tó gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. "Ohùn yẹn ló ń bọ́ àìsàn náà. O ti gbà á gbọ́ láì bi í léèrè rí. Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn, ṣé kì í mú ẹlẹ́rìí wá ni?"

"Ìyá Ishaq ni ẹlẹ́rìí. Bó bá rí mi, á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Mo mọ̀ ni."

"O mọ̀, àbí o rò? Lọ bi í. Ohun yòówù tó bá sọ, padà wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Zinsu fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Iworo, níbi tí Ìyá Ishaq ń gbé. Ganiyat di etí ọkọ̀ mú, ohùn náà ń pariwo pé omi yóò gbé ọkùnrin yìí náà. Zinsu kò bá a ṣàwàdà títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ìyá Ishaq ń yan ẹja lójúde. Ó rí i, ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

 Ganiyat fẹ́ sá padà sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì béèrè ohun tó bá wá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ṣé èmi ni mo pa á?"

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

"Ta ló sọ ìyẹn? Omi ló pa ọmọ mi." Ojú ìyá náà ti pọ́n. "Mo ń bínú sí ọ, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ fìdáù, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dè ọ́, níbi tí ìyàwó ń jókòó. O ò wá. Ọmọ mi lọ, ìyàwó rẹ̀ náà sá fún mi."

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ fojú kàn mí ni."

"O rò!"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìyá nawọ́ sí òde.

"Ta ló dúró sóòrùn yẹn? Ṣé ó fẹ́ ọ?"

Ganiyat kò lè purọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mí kanlẹ̀.

"Pè é wọlé, kó wá jẹ ẹja."

Nígbà tí Alhaji gbọ́, ó ní òun kò ní fọmọ fún Ègùn tí kì í kírun. Ìyá Ishaq wọkọ̀ wá bá a. "Èmi tí ọmọ mi kú ti yọ̀ǹda rẹ̀," ó ní, "ìwọ wá ń dì í mú." Ni Alhaji bá ní kí ọmọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Ganiyat pàdé Zinsu létí odò.

"Ohùn yẹn tún dé. Ó ní wàá kú."

"Màá kú o, ìfẹ́ mi. Ta ni kò ní kú? Ṣé ó ní ìwọ lo máa pa mí?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

Ganiyat mú un lọ́wọ́.

"Mo ní irọ́ ló ń pa. Jẹ́ ká lọ, Alhaji kì í fẹ́ kéèyàn pẹ́."