Ọmọlangidi Ara Ògiri

"Yareli, wo àwọn ọmọlangidi ìyá yẹn, ẹ mà jọra o!" Dafne nawọ́ sí òdìkejì títì, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń rán ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọmọlangidi lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ Dafne bú sẹ́rìn-ín.

Wọn kò mọ̀ pé ìyá náà, Macaria, tó ń ti abúlé wá ta ọmọlangidi nígboro, ló bí ìyá Yareli. Yareli kò sì sọ. Láti ìgbà tó ti kúrò lábúlé wá sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú Querétaro, kò ì tíì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí iṣẹ́ ọnà, òun sì ni olùkọ́ wọn ní kó fi àfọ́kù táìlì ya àwòrán sí ògiri iwájú ilé ẹ̀kọ́.

"Ọmọge onírun wúrà inú fóònù mi yìí ni kóo yà," ni Dafne wí. "Tóo bá ti yà á, o ti di ọ̀kan lára wa nìyẹn."

Yareli gbà. Ó ti ń to táìlì aláwọ̀ yẹ́lò sórí sìmẹ́ǹtì nígbà tí Macaria sọdá títì, tòun ti tọ́tíyà gbígbóná, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tó fi aṣọ wé.

"Ọmọ mi, ṣó o ti jẹun?"

Dafne ranjú. "O mọ ìyá yìí ni?"

Yareli gbé táìlì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú ìyá àgbà, ó wo ojú Dafne.

"Ìyá ìyá mi ni. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀."

Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, ó sì họ irun wúrà náà kúrò kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ.

"Ó dáa," Dafne yínmú. "Máa bá ọmọlangidi ẹ ṣọ̀rẹ́."

Lóòótọ́, Yareli nìkan ló ń dá jẹun lẹ́yìn náà. Ó sunkún nígbà mìíràn, síbẹ̀ kò fiṣẹ́ sílẹ̀: ọmọlangidi ìyá àgbà ló wá ń yà sí ògiri náà. Ó fi táìlì dúdú di irun ọmọlangidi náà ní ìdì méjì, ó fi àfọ́kù abọ́ pupa, yẹ́lò àti aláwọ̀ ewé ṣe ríbọ́ọ̀nù rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ògiri náà, àwọn obìnrin tó ń rán ọmọlangidi lábúlé wọ bọ́ọ̀sì wá. Macaria yẹ àwòrán náà wò tòkètilẹ̀.

"Imú ẹ̀ wọ́ díẹ̀."

"Màmá àgbà!"

"Ṣùgbọ́n ojú wa nìyí." Ó yíjú sáwọn tó ń kọjá, ó kígbe pé: "Ọmọ ọmọ mi ló ṣe é o!"

Orí Yareli wú. Ó wá yé e pé ẹni tó bá ní kéèyàn sẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ kó tó báni ṣọ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́, àti pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni lè jẹ́ ẹwà ẹni gan-an.