Àrá àti Orin Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹsẹ̀ méjì ni Àrá kọ́kọ́ rí, tó yọ síta lábẹ́ pèpéle bí ẹsẹ̀ ẹni tí ilé wó lù. Ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì pupa. Ó fi ọ̀pá ìlù gbá àtẹ́lẹsẹ̀ náà pẹ́pẹ́.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo wà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan iná. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ ó sọ mí di ẹran sísun."

Ọkùnrin kan wọ́ jáde, eruku lórí, wáyà mẹ́ta lọ́rùn. Ó wo Àrá, ó sì gbàgbé láti nu ojú. Àtúnṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn niṣẹ́ rẹ̀. Wáyà ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ẹgbẹ́ akọrin bàbá Àrá ló máa ń ṣeré nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kọrin, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta gìtá, Àrá ń lu ìlù jáàsì bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Bàbá wọn ló ń tẹ dùùrù, kí rọpárọsẹ̀ tó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lódún tó kọjá. Láti ìgbà náà, orin wọn ti di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ti kìlọ̀ pé bí orin náà kò bá kún kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, òun á wá ẹlòmíì.

"Ẹ jẹ́ kí n to ohùn dùùrù lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà," ni Wáyà wí lọ́sẹ̀ kejì. "Bẹ́ ẹ bá ti ń ṣeré, òun náà á máa dún lẹ́yìn yín." Àrá á fi íapíìsì sétí, á máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, kí ìlù rẹ̀ má baà sáré ju kọ̀ǹpútà lọ.

"Èmi kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni," ni Àrá wí. "Èmi làwọn èèyàn ń tẹ̀ lé."

"Mo ti rí i. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi náà ti ń tẹ̀ lé yín."

Àrá rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀pá kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ohun tí kò lẹ́mìí, tí kì í làágùn, òun la fẹ́ máa bá ṣeré?" Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ò sí. Ó gbà, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́ pọ̀ débi pé orí ẹ̀gbọ́n Àrá wú, ó tún ẹsẹ̀ orin kan kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Dùùrù ti lọ síwájú, akọrin ṣì wà lẹ́yìn, gìtá ò mọ ẹni tí yóò bá lọ. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín nídìí tábìlì. Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ òsì fa wáyà kọ̀ǹpútà náà yọ.

"Ọ̀dọ́kùnrin, kó ẹrù rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ọ nítòsí orin mi tàbí ọmọ mi mọ́."

Wáyà bẹ̀bẹ̀ títí, ẹ̀bẹ̀ ò wọlé. Ó kó ẹrù, ó lọ.

Àrá ò sunkún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ Wáyà lọ, sínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tí ìfun rédíò kún dé àjà.

"Bàbá rẹ ní kí n má..."

"Etí mi ò di, mo gbọ́. Ṣé o lè gé orin náà sí wẹ́wẹ́?"

"Lọ́nà wo?"

"Kí ẹsẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó máa yí po títí n óò fi fẹsẹ̀ òsì tẹ nǹkan kan nílẹ̀, kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́, kó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Wáyà tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìtìjú ni. Ohun kan tún kù. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kó o tò síbẹ̀. Bàbá mi ṣì ní ọwọ́ òsì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán. Bí Àrá bá yára fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì tí Wáyà ṣe sílẹ̀, orin á fò. Bó bá pẹ́, á dàrú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé ròrò. "Ó ku díẹ̀, olólùfẹ́ mi," ni Wáyà wí lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àrá ń gbọ́, kò gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ inú íapíìsì mọ́, ó sì ba odindi orin náà jẹ́.

Kò fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọ̀dọ̀ Wáyà ni mò ń lọ lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

"Mo ti lé e."

"Ẹ̀yin lẹ lé e, Bàbá. Èmi ò lé e. Ẹ wá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá dáa, èmi fúnra mi ni n óò fa wáyà náà yọ."

Bàbá na ẹsẹ̀ síwájú. Ó ní kó bá òun mú bàtà wá.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Àrá fà á jókòó sídìí dùùrù tí Wáyà ti gbé síbẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì Bàbá kò tètè wọlé. Àrá ò fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì rárá. Orin yí po, ó tún yí po. Nígbà kẹta, ọwọ́ àgbà náà balẹ̀ sójú ibi tó yẹ gan-an. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ó dúró dè mí?"

"Àrá ló dá a dúró, sà," ni Wáyà dáhùn.

Bàbá nu ojú. "Dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀. Ó ń bo ọwọ́ òsì mi mọ́lẹ̀."

Bí Bàbá ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, tòun ti Wáyà. Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ̀gbọ́n Àrá mọ̀ọ́mọ̀ tún ẹsẹ̀ orin kan kọ nígbà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò ṣìnà. Máníjà ní kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ.

Òòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí Wáyà ń ká okùn ẹ̀rọ lẹ́yìn pèpéle. Àrá dúró tì í.

"Wáyà, fẹ́ mi."

Okùn tú dànù lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n yára, kó o tó sá."

Wáyà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ibo ni mo fẹ́ sá lọ, ayé mi? Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni mo fi gbà."

Láti ìdí dùùrù, ohùn Bàbá ta sókè: "Ṣé ó ti gbà?"

"Ó ti gbà, Bàbá!"