Àsìkò Tòmátì Kì í Tán

Ọkùnrin náà ti sùn kí Nusirat tó parí ọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga oníbàárà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà tó kọjú sí i, òkun Zanzibar ń tàn yanran, ọkọ̀ ojú omi funfun kan sì dúró sí etí iyanrìn. Kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Nusirat wò ó títí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn àjò nínú ọ́fíìsì kékeré yìí, lókè ilé ìtajà oògùn kan ní Kétu. Oníbàárà ti bú u rí, wọ́n ti sunkún níwájú rẹ̀ nítorí físà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sùn. Ó rí ẹrẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ bàtà ọkùnrin náà, ó gbọ́ òórùn tòmátì lára rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọjà Mile 12 ló ti wá. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Aunty Ìdùnnú, ọ̀gá rẹ̀, pé kí wọ́n má pariwo.

Nígbà tí ọkùnrin náà jí, ojú tì í gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, Aunty, ẹ má bínú. Kí lẹ ní kí n mú nínú méjèèjì?"

"Mi ò tíì ní kí ẹ mú nǹkan kan, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ mú oorun."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí ojú rẹ̀ padà, Nusirat sì rí i pé kò dàgbà tó bó ṣe rò. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Muideen lorúkọ rẹ̀. Tòmátì ló ń tà ní Mile 12, èyí tí tírélà ń kó wá láti òkè Ọya. Dókítà ti wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ń ru jù, kó kúrò lọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan kó lọ sinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibùsùn ọsibítù ló máa ti sinmi. Ibi méjì ni Nusirat fi hàn án. Àkọ́kọ́ ni erékùṣù Zanzibar, níbi tí igbó wà, tí òkun wà, tí àwọn ọ̀bọ ẹ̀yìn pupa ń fò káàkiri lórí igi. Ìkejì ni ìlú Accra, kó gbé òtẹ́ẹ̀lì, kó máa rìn kiri, kó máa jẹun, kó máa wo èèyàn.

"Kí ló ń rẹ̀ yín gan-an?" Nusirat bi í. "Ṣé ariwo ni àbí iṣẹ́?"

Muideen ronú. "Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Tó bá jẹ́ ariwo ni, ẹ lọ sí erékùṣù."

"Kí lèèyàn máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ máa jókòó. Ẹ máa wo omi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ tún máa wo omi."

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Mi ò lè fi bò fún yín, ẹ̀rù bà á gidigidi. "Ẹ bá mi mú Accra, Aunty. Èmi mọ ìlú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo omi."

Ó lọ. Ní ọjọ́ kejì tó débẹ̀, fóònù Nusirat dún, ariwo sì gba gbogbo etí rẹ̀.

"Ọ̀gá Muideen, níbo lẹ wà?"

"Ọjà ni."

Ó ní oúnjẹ àárọ̀ lòun jáde lọ wá. Tírélà tòmátì kan kọjá níwájú òun, ẹsẹ̀ òun sì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. "Aunty, ẹ ò rí ìyá kan níbí, ó kó tòmátì tó ti pọ́n sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó kó èyí tó le lé e lórí! Ṣé kí n kàn máa wò ó ni? Mo ti bá wọn tún un tò. Ó ku apẹ̀rẹ̀ díẹ̀."

Nusirat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bínú. "Ọ̀gá, èèyàn gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Mile 12, ó wá lọ gba iṣẹ́ ní Accra!" Lójoojúmọ́ ni Muideen ń pè é láti ròyìn ìsinmi tí kò sinmi, tí Nusirat náà sì ń bá a wí. Kò pẹ́ tí Nusirat fi ń retí ìpè náà ju bó ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ máa retí oníbàárà lọ.

Nígbà tí Muideen padà dé, ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ yà sí, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì àṣàyàn kan.

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú?"

"Èmi kọ́. Dókítà ló máa bínú."

"Dókítà ti bínú tirẹ̀ tán. Tiyín ni mo wá bẹ̀."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà bá ti fúyẹ́ lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Muideen á wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Kétu, wọ́n á jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀ ilé ìtajà oògùn náà, wọ́n á jọ jẹ àgbàdo. Muideen yéé pè é ní Aunty. Nusirat náà yéé pè é ní Ọ̀gá, àfi bó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni Muideen ti wá mọ̀ pé Nusirat tó mọ orúkọ gbogbo etíkun Zanzibar kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ṣángísà, nílé bàbá rẹ̀, ló ń sùn lójoojúmọ́ ayé.

"Bí mo bá lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ," ó sọ fún un. "Mo ti ta omi yẹn fún gbogbo ayé. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn ò le, olólùfẹ́ mi," Muideen dáhùn. Ó gbà gbọ́ pé òótọ́ lòun ń sọ.

Bàbá Nusirat gbà kí wọ́n fẹ́ra. Alhaja Hùmúàní, ìyá Muideen, náà gbà, ó tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Ìgbà náà ni Nusirat ní kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí Zanzibar, ni Muideen bá ń fi ọwọ́ ra orí.

"Ṣé a ò lè kúkú lọ sí Abuja? Tàbí Accra? Ìlú ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Bí tírélà bá ní wàhálà lọ́nà, mo máa gbọ́. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

"Èmi ò wá rúbọ o. Ọkọ ni mo fẹ́ fẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àpótí fún yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àpótí onígi kan wà ní ìsọ̀ wọn, tí bàbá Muideen ń jókòó lé tajà. Nígbà tí bàbá náà kú, tí wọ́n ń ṣe àdúrà rẹ̀ nílé, àpótí náà ṣófo. Kí wọ́n tó padà sọ́jà, àwọn oníbàárà ti fọ́nká, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí wọn kó jọ. Láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti pàṣẹ pé àpótí yẹn ò gbọdọ̀ ṣófo mọ́ láyé. Ọmọ iléèwé ni Muideen nígbà náà. Ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ Accra yẹn, àbúrò ìyá rẹ̀ ló bá a jókòó, tó sì ń pè é ní wákàtí wákàtí.

Nusirat mọ ọ̀rọ̀ àpótí náà. Síbẹ̀ ó dùn ún.

"Ọjà wà ní Accra," ó sọ fún un. "Ọjà wà ní Abuja. Ibi tó jẹ́ pé èmi nìkan ni wàá rí níbẹ̀ lo ò lè lọ. Bí èmi nìkan ò bá tó ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, báwo ni mo ṣe máa tó ọ títí ayé?"

Nusirat dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Jẹ́ kí yìgì yẹn dúró ná. Nígbà tó o bá mọ èsì rẹ̀, kó o wá sọ fún mi."

Ó gun àtẹ̀gùn padà sí ọ́fíìsì. Ó sunkún níbẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dọ́kàn.

Kò fẹ́ kí Alhaja gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ló bá lọ sílé wọn. Ó bá a tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Nusirat kúnlẹ̀.

"Mo ti gbọ́," Alhaja ní, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní o ní kí ọmọ mi fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ wo omi. Ìyàwó wo ló ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn?"

Nusirat kò jiyàn. Ó bù lára ẹ̀wà náà, ó ń bá a ṣà á. Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, "Mummy, níbo lẹ̀yin àti Daddy lọ lẹ́yìn yìgì tiyín?"

"Lọ? Ọjọ́ kejì yìgì, mo ti wà lọ́jà." Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Badagry ló ní òun máa mú mi lọ. Mo fẹ́ rí òkun. Èkó ni wọ́n bí mi sí, ọ̀sà nìkan ni mo mọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí àsìkò tòmátì tán ná."

"Ṣé ó wá tán, Mummy?"

"Àsìkò tòmátì kì í tán, ọmọ mi. Bí ti Kánò bá ń tán lọ, ti Jos á ti máa bọ̀ lọ́nà." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Èèyàn rere ni. Ó fẹ́ràn mi. Kò kàn ráyè ni."

Wọ́n jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí Muideen dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ló bá lórí àpótí, ó di gèlè mọ́ ìbàdí, ó ń ta tòmátì fún àwọn oníbàárà.

"Mummy! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń tajà. Àbí o ò ríran ni?"

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ẹnu ni mo fi ń tajà, n kì í fi ẹsẹ̀ tà á." Ó dá oníbàárà kan lóhùn, ó gba owó, kó tó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí àpótí yìí má ṣófo. Mi ò ní kí ìwọ nìkan máa jókòó lé e títí wàá fi kú. Gbogbo nǹkan ni kó o fi jọ bàbá rẹ, Muideen, àfi ìlérí tí kò mú ṣẹ. Mo máa wà níbí lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ. Ó yá, kúrò níwájú oníbàárà mi."

Muideen dúró láàárín àwọn alábàárù tó ń kígbe "Àgò!" sí i lọ́tùn-ún lósì. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i bó ti dàgbà tó, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó wá kẹ̀kẹ́.

Àga oníbàárà ló jókòó lé ní Kétu, pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa ní bàtà. Aunty Ìdùnnú rí ojú rẹ̀, ó ní òun ń lọ ra omi.

"Mo fẹ́ lọ sí erékùṣù," Muideen ní.

Nusirat kò rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Ọ̀gá?"

"Mo máa jókòó. Mo máa wo omi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo máa wò ọ́." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀rù ń bà mí o, Nusirat. Mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ níbi tí kò ti sí ọjà."

"Èmi mọ̀ ọ́n," Nusirat ní, ó sì dìde lọ bá a. "Mo rí i lọ́jọ́ tó sùn sórí àga yìí. Òun ni mo fẹ́ràn."

Wọ́n so yìgì wọn ní Ṣángísà, Alhaja sì padà sórí àpótí.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́ ní Zanzibar, ẹsẹ̀ Muideen ti kan ilẹ̀, ó ti ń wá bàtà, kó tó rántí pé kò sí tírélà kankan tó ń bọ̀. Ó jókòó sétí ibùsùn, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nusirat gba ọwọ́ náà, ó dì í mú. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n jáde lọ sétí omi. Nusirat fi ẹsẹ̀ tẹ omi òkun tó ti tà fún gbogbo ayé, ó tutù, ó kígbe bí ọmọdé.

Apẹja kan kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Muideen na ọrùn wò ó.

"Olówó orí mi," Nusirat ní, "o ò gbọdọ̀ béèrè iye tó ń tà á."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú rẹ ti ná an tán."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, Muideen sì wo omi náà bó ṣe ń bọ̀ tó ń lọ. Ó wò ó pẹ́, títí èjìká rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

"Bí a bá délé, a máa mú Mummy lọ sí Badagry. Kí ti Jos tó dé."

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ta ló máa wá jókòó lórí àpótí?"

Muideen fi orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì di ojú.

"Kó ṣófo," ó ní.