Ọmọ Tó Ń Dàgbà Nínú Lẹ́tà

Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń lọ ṣẹ́gi ló kọ́kọ́ rí òkú náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó dojú bolẹ̀ ní ìdí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, nínú koríko tí iná ọdẹ ti jó kanlẹ̀, aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí Máàsì ọjọ́ Ìsinmi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lucienne ni, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn ọmọdé kọ lẹ́tà sí àwọn alágbàtọ́ wọn ní ilẹ̀ Bẹlijíìkì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè Akofodjoulè.

Kí oòrùn tó mú, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Àlàbí ti dé láti Ìdáàṣà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbé e wá sí ilẹ̀ olókè yìí. Benoît tẹ̀ lé e, ọ̀kan lára àwọn ṣándáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá ìgbèríko, tó ń ṣọ́ agbègbè náà. Oṣù kejì ọdún 1967 ni. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, eruku sì bo gbogbo nǹkan.

"Ẹsẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́, ọ̀gá," ni Benoît wí. "Ó gun àpáta, ó sì já bọ́. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́."

Àlàbí lóṣòó ti òkú náà. Ọgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ní ìpàkọ́. Ó bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Eruku pupa ojú ọ̀nà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá wo bàtà tirẹ̀. Kò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ nínú koríko jíjó yẹn, bàtà náà sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ ọ̀tún Lucienne, ó wò ó pẹ́. Èérú kún abẹ́ èékánná rẹ̀ fọ́fọ́. Lórí ilẹ̀, níwájú ibi tí ọwọ́ náà wà, ojú ibi tí ìka ti họ ilẹ̀ hàn gbangba, ó kọjú sí ọ̀nà abúlé.

"Ẹ gbé e lọ sílé," ló wí. "Kí ẹ rọra gbé e."

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ Kristẹni kan ti òkè òkun wá sí abúlé náà. Ọmọ ogójì ni wọ́n mú nínú igba tó wà níbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní bàbá tàbí màmá alágbàtọ́ kan lọ́hùn-ún. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ń fi wàrà, oògùn ibà àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ọmọ náà á kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Katikíìsì Théodore ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀, àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Baba, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní àdúrà kí wọ́n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Orúkọ tí Benoît kọ́kọ́ dá ni ti Cyprien, àgbẹ̀ kan tó ti ń fẹ́ Lucienne láti ọdún méjì, tí ọmọbìnrin náà kò gbà fún. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ní o bá a jà lọ́jọ́ Sátidé," ni Àlàbí wí.

"Mi ò bá a jà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó máa fẹ́ mi. Ó ní rárá. Mo bínú kúrò níbẹ̀."

"Níbo lo wà lánàá?"

"Mo wà ní abúlé Tré. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, a lọ sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ilé ló rí mi, alẹ́ ni mo tó dé."

"Ta ló sun òkè yẹn?"

"Àwa ọdẹ ni, nítorí ọ̀yà. Ọjọ́ Jímọ̀ la sun ún."

"Ṣé èèyàn lè rí ibì kan gbà gun òkè náà kí èérú má kàn án?"

Cyprien ronú. "Kò sí. Yíká yíká ni iná jó. Àwa fúnra wa, bí èédú la ṣe rí nígbà tá a délé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó jẹ̀rora?"

Àlàbí ti ìwé rẹ̀ bọ àpò, kò sì wo ojú rẹ̀. "Mo ṣì ń wádìí," ló wí.

Martine, obìnrin tó ń po wàrà fún àwọn ọmọ, ló ṣí ilé ìkẹ́rùsí fún wọn. Àpò wàrà wà níbẹ̀ títí dé àjà, ọmọlanke kan sì fara ti ògiri. Àlàbí fi ìka kan táyà rẹ̀. Ìka náà dúdú.

"Ìgbà wo lẹ lo ọmọlanke yìí kẹ́yìn?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, a fi kó wàrà wá láti títì. Kò sí iṣẹ́ tó tún gbé e jáde látìgbà yẹn."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibí?"

"Èmi àti Baba Katikíìsì. Ṣùgbọ́n èmi wà ní Paouignan láti Sátidé, ara àbúrò mi kò yá. Àárọ̀ yìí ni mo dé, tí mo gbọ́ ohun tí mo gbọ́."

Benoît mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ rí i nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù.

"Ṣé nǹkan kan ń dun Lucienne lọ́kàn?" ni Àlàbí bi í.

Martine bẹ̀rẹ̀ sí í nu ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Láti ìgbà tí lẹ́tà dé pé màmá alágbàtọ́ kan ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀, kò sùn dáadáa mọ́."

"Màmá ọmọ wo?"

"Ti Perpétue." Ó tún mú ife mìíràn.

Nígbà tí wọ́n béèrè ìwé àwọn ọmọ, Théodore kò bá wọn jiyàn rárá. Ó fún Àlàbí ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti ti àpótí irin tí ìwé àwọn ọmọ wà, ó ní òun ń lọ gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ẹbí olóògbé. Eruku ọyẹ́ bo tábìlì ọ́fíìsì náà, ó bo àga, ó bo ojú fèrèsé. Ìdí àpótí irin nìkan ni wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, àti igun kan lára àpótí náà fúnra rẹ̀.

Àlàbí wá ìwé Perpétue jáde. Fọ́tò méjì ló wà nínú rẹ̀. Nínú ti ọdún 1964, ọmọbìnrin tíńtín kan dúró, àpá iná gígùn wà ní apá òsì rẹ̀. Nínú ti ọdún 1966, ọmọ náà sanra díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, apá òsì rẹ̀ sì ń dán láìsí àbàwọ́n. Àlàbí gbé fọ́tò kejì jáde sí àgbàlá. Kò pẹ́ tó fi rí ẹni tó ń wá láàárín àwọn ọmọ tó ń ta òkòtó.

"Ta nìyí?" ló bi í.

"Èmi ni," ni ọmọ náà dáhùn.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Blandine."

"Wọ́n kọ Perpétue sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Lọ́jọ́ fọ́tò, Perpétue ni mí. Baba Katikíìsì ní kí n má gbàgbé."

"Perpétue gan-an dà?"

Ọmọ náà fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà itẹ́ òkú, ó sì padà sídìí òkòtó rẹ̀.

Euphrasie, ìyá Perpétue, ń yan gàrí nígbà tí Àlàbí wọlé tọ̀ ọ́. Opó ni. Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè pé èéyi ló pa ọmọ òun, nínú òjò ọdún kejì sẹ́yìn, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje.

"Ìyá Perpétue, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kọ lẹ́tà lórúkọ rẹ̀?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú agbada, kò sì rò ó.

"Àṣé ohun tó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lucienne wá síbí lọ́jọ́ Sátidé. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ẹ dúró sí yẹn. Ó ní òun ti ṣẹ̀ mí, pé tí òun bá ti rí Baba Katikíìsì lẹ́yìn Máàsì, òun á padà wá ṣàlàyé. Mo dúró dè é títí ilẹ̀ fi ṣú."

Nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè, Àlàbí ránṣẹ́ pe Théodore sí ọ́fíìsì. Benoît dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, Baba," ni Àlàbí wí. "Lucienne kò gun òkè kankan. Ẹni tó bá rìn níbẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú. Ìdí bàtà tirẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ló gbé e lọ. Ọmọlanke wàrà ni ó fi gbé e, nítorí èérú wà ní táyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lò ó fún iṣẹ́ kẹ́yìn, kí wọ́n tó sun òkè. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan wà ní Paouignan. Lẹ́yìn Máàsì, Lucienne ń bọ̀ wá rí yín. Ibí yìí lẹ sì ti fọ ilẹ̀, nínú ọyẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọ nǹkan kan."

Théodore wo àpótí náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ìgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù.

"Lọ́jọ́ tí Perpétue kú, mo ti mú bírò láti kọ ọ́ síwèé. Àwọn ọmọ méjì jókòó lẹ́nu ọ̀nà yìí, ikùn wọn wú, ẹsẹ̀ wọn wú. Wọn ò sí lára ogójì. Tí mo bá kọ ọ́ pé ó kú, wàrà rẹ̀ á dúró, wọn ò ní fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mi ò kọ ọ́. Mo fi wàrà náà bọ́ àwọn méjì yẹn, wọ́n sì wà láàyè dòní. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mìíràn kú."

"Mélòó ni gbogbo wọn?"

"Mọ́kànlá."

"Lucienne sì ń kọ lẹ́tà fún wọn."

"Ó ń kọ ọ́. Ó ń sunkún, ó sì ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá alágbàtọ́ yẹn ní òun ń bọ̀, Lucienne ní òun kò lè fa ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́ kó máa gbá a mọ́ra. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ronú nípa àwọn ọmọ. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo dì í mú, ó já ara rẹ̀ gbà, mo sì tì í. Orí rẹ̀ ba igun àpótí. Mo sun lẹ́tà náà. Mo fi àpò wàrà bo Lucienne mọ́lẹ̀ nínú ọmọlanke, mo sì gbé e lọ sí ìdí òkè nígbà tí gbogbo abúlé sùn lọ nínú ooru ọ̀sán. Ó ti kú. Kí ni ǹ bá tún ṣe fún un?"

"Kò tíì kú, Baba."

Théodore gbójú sókè.

"Èérú kún abẹ́ èékánná rẹ̀," ni Àlàbí wí. "Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, ó jí. Ó fi ìka họ ilẹ̀, ó fẹ́ wọ́ padà sílé. Ọmọlanke tí ẹ fi gbé e lọ sí ìdí òkè, ẹ̀ bá ti fi gbé e lọ sí títì. Ọkọ̀ ò wọ́n níbẹ̀, dókítà sì wà ní Ìdáàṣà."

Théodore na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ di tábìlì mú, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Benoît ló gbé e dìde, ó sì mú un lọ sí ìdí ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí iṣẹ́ tó tún gbé Àlàbí dé abúlé náà. Ìwé ìwádìí rẹ̀ ti dé Kútọnu, ìròyìn ti dé òkè òkun, ẹgbẹ́ náà sì ti dá ohun gbogbo dúró, ti àwọn tó kú àti ti àwọn tó wà láàyè. Ilé ìkẹ́rùsí ṣófo. Àwọn kan lójú ọ̀nà kò kí i. Òun náà ò bínú sí wọn. Láti ìgbà tó ti fọwọ́ sí ìwé náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀.

Euphrasie nìkan ló wá pàdé rẹ̀. Ó mú àpòòwé kan lọ́wọ́. Obìnrin Bẹlijíìkì yẹn kò wá mọ́. Ó ti kó gbogbo lẹ́tà Perpétue padà ránṣẹ́ sí ìyá tó bí i.

"Mi ò mọ̀wé," ni Euphrasie wí. "Ẹ bá mi ka èyí tó gbẹ̀yìn."

Àlàbí jókòó sórí òkúta kan, ó ń yí Faransé náà sí Yorùbá bó ṣe ń kà á lọ, díẹ̀díẹ̀. "Màmá mi ọ̀wọ́n, ara mi le. Mo ti wọ kíláàsì kẹta. Mo ti ga débi pé mo lè na ọwọ́ kan máńgòrò láìgun àga. Eyín iwájú mi tó ká ti hù padà, ìyá mi ní ó tóbi jù fún ẹnu mi. Ó ń kí yín."

Euphrasie jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ tún ibi eyín yẹn kà," ló wí.